Àpò Tó Ń Bẹ Nídìí Wa: Láti Làbà Ọ̀yọ́ Dé Amadi-Ama

  Ìtàn tọ̀sẹ̀ yìí dá lórí àpò. Bẹ́ẹ̀ ni, àpò tí a ń gbé kiri. Ẹ má tíì kọjá lọ o, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló fà á. Àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan láàrin wa ti sọ ọ́ di àṣà láti máa jókòó papọ̀ lọ́sàn-án Sátidé, kí wọ́n máa fi ọwọ́ rán àpò awọ. Kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ ni. Irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ rán ni àpò tí àwọn ọkùnrin Scotland máa ń so síwájú aṣọ ìró wọn, tí wọ́n ń pè ní sporran. Àwọn kan nínú wa wá béèrè pé: ṣé Yorùbá ò ní tirẹ̀ ni, tí a fi ní láti lọ wo ti Òyìnbó? Ìbéèrè gidi ni. A bi àwọn àgbà, a ka ìwé, ohun tí a rí la kọ síbí.

Aṣọ tí kò ní àpò

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn ará Scotland, nítorí ìtàn tiwọn á jẹ́ ká lóye tiwa. Ní èdè Gaelic tí wọ́n ń sọ ní òkè Scotland, sporran kò ju àpò owó lọ. Ìdí tó fi wà kò ṣòro: kilt, aṣọ onílà tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń ró mọ́ ìdí, kò ní àpò. Níbo ni ọkùnrin máa fi owó sí? Níbo ló máa fi oúnjẹ ọ̀nà sí? Wọ́n mú awọ ẹran, wọ́n rán an, wọ́n fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ìdí níwájú. Ọ̀rọ̀ parí.

Ní 1746, àwọn ọmọ ogun ọba Britain ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní pápá Culloden ní Scotland. Láti oṣù kẹjọ 1747, òfin bẹ̀rẹ̀ pé ọkùnrin kankan ní òkè Scotland kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ìbílẹ̀ yẹn mọ́, àfi ẹni tó bá jẹ́ sójà ọba. Ọdún 1782 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà. Ọdún 35! Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí òfin náà bá lójú ayé ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta kí ó tó lè wọ aṣọ baba rẹ̀ jáde. Nígbà tí Ọba George Kẹrin lọ sí Edinburgh ní 1822, Walter Scott, òǹkọ̀wé ńlá, ló ṣètò ayẹyẹ náà, ó sì ní kí àwọn èèyàn pàtàkì wọ kilt wá. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà ṣe padà dé pẹ̀lú iyì, òun àti àpò iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ayẹyẹ ló padà dé, kì í ṣe aṣọ tí darandaran ń wọ̀ lọ sórí òkè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn. A ó padà sí i.

Tiwa ńkọ́?

Ẹ wo ohun tí àwọn baba ńlá wa ń wọ̀. Agbádá ní àpò ńlá láyà, òótọ́ ni, àmọ́ aṣọ ìjáde nìyẹn. Ẹni tó ń lọ sóko, tó ń ṣọdẹ, tó ń lọ sójú ogun, tó ro bàǹtẹ́ tàbí tó wọ ṣòkòtò péńpé, kò ní ibi tó máa ki ọwọ́ bọ̀. Àpò ló máa gbé kọ́ èjìká tàbí kó so mọ́ ìdí. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ní àpò tirẹ̀. Ọdẹ ní àpò ọdẹ, ó sì ní apó tó ń kó ọfà sí. Babaláwo ní àpò Ifá. Jagunjagun ní àkọ̀ awọ tó ń ti idà bọ̀. Àwọn àáfà ń rán tírà sínú awọ. Ońdè àti ìgbàdí ńkọ́? Awọ ni wọ́n fi ń bò wọ́n, ìdí sì ni wọ́n ń so wọ́n mọ́. Nítorí náà, ohun tó ń bẹ nídìí ọkùnrin Yorùbá láyé àtijọ́ kò kéré sí ti ará Scotland rárá.

Owó pàápàá, àpò la fi ń kà á. Owó ẹyọ 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ yẹn gan-an sì ni àpò tí wọ́n ń kó o sí. Nígbà tí owó Òyìnbó dé, àwọn èèyàn wa sọ ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn di "àpò kan". Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, àpò kan sì di igba náírà. Ẹ ò rí i pé títí dòní, ìyá àgbà lè mú ₦200 lọ́wọ́ kó ní àpò kan nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò kan yẹn ò lè ra búrẹ́dì gidi mọ́! "Àsùnwọ̀n" náà rí bẹ́ẹ̀. Àpò owó ni, àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ ọ nínú ìròyìn lónìí, àkáǹtì báńkì ni wọ́n ń sọ. Àpò náà fúnra rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló ṣẹ́ kù lẹ́nu wa.

Àwọn tó ń ṣe é

Àlùfáà Samuel Johnson, tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ka iṣẹ́ awọ mọ́ àwọn iṣẹ́ ọwọ́ pàtàkì ilẹ̀ wa. Ó sọ pé àwọn tó ń fi awọ ṣọ̀nà náà ló ń ṣe awọ náà fúnra wọn. Ìyẹn ni pé wọn kì í lọ ra awọ tó ti jinná lọ́jà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Láti ara ewúrẹ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà sì gba sùúrù. Wọ́n á rẹ awọ sínú omi eérú títí irun á fi bọ́. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ha á, wọ́n á fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi tàbí èso igi, irú èyí tó máa ń ká ahọ́n jọ tí èèyàn bá tọ́ ọ wò. Ohun tó ń ká ahọ́n jọ yẹn náà ni kì í jẹ́ kí awọ jẹrà. Ní ilẹ̀ Hausa, èso igi bàgàrúwà ni wọ́n ń lò jù. Tí wọ́n bá fẹ́ kó pọ́n, èèpo pòròpórò ọkà bàbà ń fún wọn ní àwọ̀ pupa. Tí wọ́n bá fẹ́ kó dúdú, wọ́n á rẹ irin sínú omi kíkan, wọ́n á fi kùn ún. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń gbà, òórùn rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Àwa nìkan kọ́ la mọ̀ ọ́n ṣe, ó yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Hausa àti Nupe mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, a sì ti kọ́ ara wa fún ìgbà pípẹ́. Awọ ewúrẹ́ pupa láti agbègbè Sókótó àti Kánò ni àwọn oníràkúnmí ń gbé gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Nígbà tó bá fi máa dé Yúróòpù, wọ́n á ní awọ Morocco ni, torí pé ọwọ́ àwọn ará Morocco ni wọ́n ti rà á. Nígbà tí Heinrich Barth, ọmọ Jámánì, dé Kánò ní 1851, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń kó bàtà àti awọ tó jinná láti ibẹ̀ lọ sí ìhà àríwá Áfíríkà. Iṣẹ́ wa, orúkọ ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ náà ò bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀yọ́ ni olú ilé iṣẹ́ náà. Agbára Ọ̀yọ́-Ilé wà lórí ẹṣin, ẹṣin ò sì lè jagun láìsí gàárì, ìjánu àti okùn awọ. Ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan kan tó máa yà yín lẹ́nu. Òyìnbó àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó wọ ààfin Ọ̀yọ́-Ilé, ọmọ Scotland ni! Hugh Clapperton lorúkọ rẹ̀, ìlú Annan ni wọ́n bí i sí ní 1788. Òun àti Richard Lander gba Badagry wọlé, wọ́n dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìíní 1826, Aláàfin Májòtú sì gbà wọ́n lálejò títí di oṣù kẹta. Ó ti tó igba ọdún tí Scotland àti Ọ̀yọ́ ti bára pàdé. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó ń wo sporran ní Amadi-Ama kò ṣe ohun àjèjì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú. Láàrin ọdún 1830 sí 1840, Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà, níbi tó wà títí dòní. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ààfin tẹ̀ lé ọba, àwọn oníṣẹ́ awọ sì wà lára wọn. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti gba Ọ̀yọ́ kọjá: tìmùtìmù awọ, bàtà, àpò àti abẹ̀bẹ̀ awọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà wọ́n.

Làbà

Àpò tó níyì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni làbà Ṣàngó. Àpò fífẹ̀ ni, onígun mẹ́rin. Wọ́n pín ojú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, irú ọnà kan náà ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wajawaja awọ máa ń rọ̀ sílẹ̀ láti etí rẹ̀. Àwọn adósù Ṣàngó ló ń gbé e kọ́ èjìká, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń kó ẹdùn àrá sí tí wọ́n bá ń lọ sí ilé tí àrá ti sán pa nǹkan. Ní 1962, Joan Wescott àti Peter Morton-Williams kọ odindi àpilẹ̀kọ lórí àpò kan ṣoṣo yìí nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ìṣẹ̀dá èèyàn ní Britain. Ẹ lè rí làbà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lónìí, nínú gíláàsì, pẹ̀lú iná tó ń tàn sí i lára.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Làbà kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni lè gbé sórí tábìlì pé ẹ wá rà á. Ẹni tó fẹ́ lò ó ló ń lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ náà tọ́ sí ló sì ń lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló padà dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin wa níbí. Ẹ máa bá wa bọ̀.

Ta ló pa á?

Ní Scotland, òfin ló lé sporran kúrò nídìí àwọn èèyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí gómìnà tó ṣòfin pé ká má so àpò awọ mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó ń béèrè fún un ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò sì fura.

Ogun Kírìjì parí pátápátá ní 1893. Nígbà tí ogun tán, ta ló tún fẹ́ àkọ̀ idà? Ẹṣin ogun tán, iṣẹ́ gàárì sì dín kù. Ẹ̀rọ ìránṣọ dé, télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán àpò mọ́ ṣòkòtò. Owó ẹyọ kógbá sílé, owó onírin dé. Láti 1907 ni ìjọba ti ń tẹ kọ́bọ̀ tó níhò láàrin jáde ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Owó oníhò yẹn, okùn lásán tó láti so ó pọ̀. Àwọn onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ń pọ̀ sí i, ońdè àti ìgbàdí ń dín kù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìyípadà yìí ní ohun rere tó bá a wá. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ogun padà wá kí oníṣẹ́ awọ lè rí jẹ. Àmọ́ gbogbo wọn para pọ̀, wọ́n gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fáktọ́rì náà dé. Ní 1884, Augustus Schultz gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà fún ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń fi kẹ́míkà chrome ṣe awọ. Ohun tí èèpo igi ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣe, chrome lè ṣe é láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Awọ di ohun pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni rọ́bà tó jọ awọ tún dé.

Níbí yìí ni ìtàn ti wá kan ibi tí à ń gbé. Amadi-Ama, ìlú àwọn Okrika ni. Wọ́n ń pe ara wọn ní Wakirike, "ama" sì túmọ̀ sí ìlú ní èdè wọn. Kí wọ́n tó fún Port Harcourt ní orúkọ ní 1913, kí rélùwéè tó gba ibí dé Enugu ní 1916, àwọn ni wọ́n ń tukọ̀ lórí omi yìí. Ẹ wá wo bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ láti Ìbàdàn dé Badagry: aṣọ tọ́kùnbọ̀, bàtà tọ́kùnbọ̀, báàgì tọ́kùnbọ̀, gbogbo rẹ̀ la sọ di "òkìríkà". Orúkọ èèyàn la fi ń pe ọjà! Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tí a bí síbí mọ̀ pé àwọn tó ni orúkọ yẹn ni onílé wa, àwọn ló gbà wá lálejò. Ká máa dá wọn lọ́lá. Báàgì òkìríkà yẹn náà sì wà lára ohun tó gba àyè àpò tí ọwọ́ wa ń rán. Báàgì awọ gidi láti Yúróòpù, lówó táṣẹ́rẹ́, ta ni kò ní rà á?

Ẹ tún wo ibi ìpẹran tí gbogbo wa ń pè ní Slaughter ní Trans-Amadi, tí kò jìnnà sí wa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pa màlúù níbẹ̀. Awọ rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ awọ, iná ló ń lọ, ó ń di pọ̀ǹmọ́. Ní 2022, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ awọ ní Zaria dá a lábàá pé kí òfin dá pọ̀ǹmọ́ jíjẹ dúró, kí fáktọ́rì lè rí awọ lò. Ariwo ta! Yorùbá wo ló máa gbà? A kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ pọ̀ǹmọ́ nù nínú ọbẹ̀ rẹ̀ o, àwa náà ń jẹ ẹ́. Àmọ́ kí ọmọ tó ń jẹ ẹ́ mọ̀ pé ohun tó wà nínú àwo rẹ̀ yẹn, ìdílé kan wà tó kọ́lé, tó fẹ́yàwó, tó tọ́mọ lórí irú rẹ̀.

Ohun tí kò kú

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ẹ wo dùndún tí wọ́n ń lù tí a bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó níbí. Awọ ewúrẹ́ ni ojú rẹ̀, ọṣán tó yí i ká tó ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀, awọ ni. Kí ló dé tí ìyẹn ò fi kú? Ìdí ni pé a ò dáwọ́ dúró láti máa béèrè fún un. Kò sí Sátidé tí ẹnì kan ò ní ṣe ìnáwó.

Ẹ tún wo àwọn ìyá wa ní ọjà. Abẹ́ ìró ìyá oníṣòwò ni àpò kékeré kan máa ń wà, tó so mọ́ ìdí, tó ń kó owó sí. Sporran gan-an nìyẹn! Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn láti Scotland. Òǹtajà ò fẹ́ kí ọwọ́ òun jìnnà sí owó òun, ó sì fẹ́ kí ọwọ́ òun méjèèjì wà lófìfo láti wọn gàrí. Ohun tó ń fa àpò ìdí kò tíì yí padà. Ohun tí wọ́n fi ń rán an nìkan ló yí padà.

Bí wọ́n ṣe ń rán an

Àwọn ọ̀dọ́ wa lọ ra awọ ní ọjà Ariaria ní Aba, níbi tí àwọn tó ń ṣe bàtà àti báàgì pọ̀ sí jù ní agbègbè wa. Ẹni tó kọ́ wọn ní ìránwọ́ jẹ́ ọmọ Hausa, ọ̀kan nínú àwọn aránbàtà tó ń gbé àpótí kiri, tí wọ́n ń kan án kí a lè mọ̀ pé wọ́n ń kọjá. Yorùbá àti Hausa tún kọ́ iṣẹ́ awọ lọ́wọ́ ara wọn, bíi tàtijọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú.

Ẹ wá awọ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, tó nípọn tó mìlímítà 2 sí 3. Irú èyí máa ń gbọ́ràn tí omi bá kàn án, ó sì máa ń dúró bí a bá ṣe tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá gbẹ. Awọ chrome rọ̀ dáadáa, àmọ́ kì í di ojú ọnà mú. Ẹ fi páálí gé àwòṣe kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kan awọ, torí awọ tí a bá gé sọnù ò ṣeé lẹ̀ padà. Owó náírà kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, fífẹ̀ rẹ̀ ò pé 8. Nítorí náà, àpò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 19, tó ga ní 16, máa gba owó láìká a. Iwájú, ẹ̀yìn, ìdérí, àti awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4 tó máa yí ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ká kí àpò lè ní ikùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ máa rán ìfà méjì mọ́ tí bẹ́líìtì máa gbà kọjá.

Ẹ fi rúlà fa ìlà ìránwọ́, kí ó fi mìlímítà 4 wọnú láti etí awọ. Ẹ fi irin ẹnu ṣóńṣó lu ihò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mìlímítà 4 sí 5. Òwú kan, abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan ní orí òwú kọ̀ọ̀kan. Kí òwú gùn tó ìlọ́po mẹ́rin ibi tí ẹ fẹ́ rán, kí ẹ sì fi ìda oyin ra á. Abẹ́rẹ́ méjèèjì máa gba inú ihò kan náà, èkíní láti iwájú, èkejì láti ẹ̀yìn, ẹ ó wá fà á le. Àǹfààní rẹ̀ ni pé tí òwú bá já níbì kan, ìyókù ò ní tú. Ti ẹ̀rọ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ibi kan tú, gbogbo rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ lé e. Àpò àkọ́kọ́ lè gba Sátidé mẹ́ta sí mẹ́rin. Kò sí wàhálà.

Àríyànjiyàn wa

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná ni ojú ọnà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ rí àwòrán làbà, ó ní ọnà tí òun fẹ́ gbẹ́ sójú àpò tòun nìyẹn. Àwọn kan yarí: ìbọ̀rìṣà ni, wọn ò fẹ́ kó wọlé wọn. Àwọn mìíràn ní àṣà ni, kì í ṣe ẹ̀sìn, Òyìnbó ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́, kí ló dé tí a ó máa bẹ̀rù ohun ìní wa? Ó fẹ́ di ìjà.

Bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ ló tú u ká. Ó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé làbà kò ní olówó. Ó ní: "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹ, ta ló gbé e fún yín? Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ fẹ́ ẹ, ta lẹ bi?" Ó ní àwọn tó ni iṣẹ́ náà ṣì wà láyé, wọ́n lọ́mọ, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kó lọ jókòó tì wọ́n. Kí a má fi orúkọ burúkú pè é, kí a má sì jí i kọ.

A gbà á bẹ́ẹ̀. Làbà wà nínú ìtàn tí à ń kọ́ àwọn ọmọ, kò sí lójú àpò tí à ń rán. Ojú àpò tiwa, ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ń wá ọnà tirẹ̀ sí i. Ẹnì kan gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi sí i, torí odò Amadi-Ama ni wọ́n bí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan gbẹ́ ilà ìdílé baba rẹ̀. Ó tẹ́ wa lọ́rùn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀

Ẹ rántí ohun tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn nípa Scotland. Sporran padà wá, ó sì ń mówó wọlé fún àwọn tó ń rán an, àmọ́ ayẹyẹ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń so ó lọ. Tí a bá fẹ́ kí àpò tiwa ju bẹ́ẹ̀ lọ, a gbọ́dọ̀ fún un ní iṣẹ́ ṣe. Ohun tí a ń gbé jáde lọ́jọ́ àjọ̀dún nìkan, ọjọ́ tí àjọ̀dún bá parí ni ọmọ máa gbàgbé ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi pinnu pé àpò tí wọ́n bá rán kò ní máa wà lára ògiri. Wọ́n ń rán ti àwọn ìyá oníṣòwò, tó máa gba owó àti fóònù. Wọ́n ń rán ti onílù, tó máa gba kọ̀ǹgọ́. Ẹni tó bá gbà á, kó máa lò ó lójoojúmọ́. Tó bá já, kó gbé e wá kí wọ́n tún un rán. Bẹ́ẹ̀ ni ìránwọ́ ṣe ń yé ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ sì ṣe ń pẹ́ nílẹ̀.

Àwa tí a wà ní àjò, ohun tí a lè fi lé ọmọ lọ́wọ́ kò pọ̀. Ilẹ̀ kò sí níbí, agboolé kò sí. Èdè la ní, oúnjẹ la ní, orúkọ la ní, iṣẹ́ ọwọ́ sì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ kò gba àyè púpọ̀. Ó máa ń bá èèyàn kó lọ síbi tó bá ń lọ.

Ó wá ku ọ̀dọ̀ yín. Ẹ bi àwọn òbí yín tó wà nílé, ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n yín. Irú àpò wo ni bàbá wọn ń gbé? Kí ni wọ́n ń pè é ní ìlú yín? Ta ló rán an, kí ló sì wà nínú rẹ̀? Ìgbómìnà, Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Oǹdó, Yewa, Ọ̀wọ̀, gbogbo yín pátá, ẹ kọ orúkọ náà sísàlẹ̀ kí a lè kó wọn jọ kí ó tó bọ́ lẹ́nu àwọn àgbà.